Pẹ̀lẹ́ ti Bàbá Wọ́tà

Nílé tiwa ní Ọ̀fà, kò sẹ́ni tó ń yàgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ. Bàbá mi máa ń lọ nasẹ̀ ni. Mummy mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń dé ẹ̀yìn. Ìyá àgbà tó ń gbé ojúlé kejì sí wa máa ń ní òun fẹ́ lọ wo adìyẹ òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sin adìyẹ kankan. Bí ọmọdé bá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bó ṣe rí níwájú àlejò, wọ́n á kọ́kọ́ fi ojú bá a wí. Tí àlejò bá lọ tán, wọ́n á wá fi ẹnu sọ èyí tó kù.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti jáde, tí mo fi bọ́ sọ́wọ́ Mọ́ríìn.

Mọ́ríìn ni obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo wà nílùú òyìnbó yìí. Ó sanra, ohùn rẹ̀ le, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó mú mi lọ síwájú ògiri yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Níbi tí àwa máa ń gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sí nílé, àwòrán ìgbẹ́ ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀. Oríṣi méje, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n yà wọ́n, wọ́n kùn wọ́n láwọ̀, láti orí èyí tó gan bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ títí dé orí èyí tó kàn ń ṣàn.

"Oríṣi kẹrin yìí la máa ń gbàdúrà fún," Mọ́ríìn wí. "Ó ń dán, ó rọ̀, kì í dun ẹni tó yà á. Ó yá, ìyá tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ti yàgbẹ́ láàárọ̀ yìí. Lọ wò ó, kí o wá sọ èwo nínú wọn ni fún mi."

Mo fi ọwọ́ bojú.

"Kí ló dé?"

"Ojú ń tì mí ni."

"Á tì ọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀," ó ní. "Lẹ́yìn ìyẹn, wàá máa jẹun lọ bí a bá ṣe ń sọ ọ́."

Háà, bó sì ṣe rí nìyẹn. Kò pẹ́ rárá tí mo fi ń mu tíì mi tí mo sì ń bi Mọ́ríìn pé, "Ìyá ìsàlẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀kẹta ni àbí ẹ̀kẹrin?"

Tíṣà ni èmi náà tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni ọwọ́ mi mọ̀. Ìgbà tí mo dé ibí, wọ́n kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́ mìíràn: bí a ṣe ń yí àgbàlagbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kí ẹ̀rù bà á, bí a ṣe ń nu obìnrin láti iwájú lọ sẹ́yìn kí àìsàn má baà gba ojú ìtọ̀ wọlé, bí a ṣe ń fi táwẹ́ẹ̀lì bo itan ẹni tó bá jókòó lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀ kó má baà dà bíi pé ó wà níhòòhò. Mo kọ́ láti wo àwọ̀ ìtọ̀ kí n fi mọ ẹni tí omi ò tó lára rẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé abẹ́rẹ́ ni mò ń gún kiri. Kí n má parọ́ fún yín, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni olórí iṣẹ́ wa.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ ìdí ẹni tó ju ìyá mi lọ, mo wọ yàrá aṣọ wa lọ, mo sunkún. Kì í ṣe pé ó rí mi lára. Ìyá náà ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá, tó di ọwọ́ mi mú, tó ń dúpẹ́, bí ẹni pé mo gbà á lọ́wọ́ ikú. Nígbà tí mo délé, mo pe Mummy.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" wọ́n bi mí.

"Mò ń tọ́jú àwọn àgbà, mà."

"Ṣé ò ń bá wọn fọ ìdí?"

Èmi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bò ó! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

 Mò ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá níwájú ilé wa, mò ń gbọ́ àwọn ọmọ Pólì tó háyà yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń jà sí omi kànga. Mo ní ó parí, mo ti bà wọ́n nínú jẹ́.

"Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," Mummy wí nígbà tó yá. "Ṣé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ẹ má fi omi tútù fọ arúgbó o. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ."

Àdúrà yẹn ni mo gbé lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òun náà ni mò ń gbé lọ títí dòní.

Ohun tó ń jẹ èèyàn lára jù ní àjò kì í ṣe òtútù. Aṣọ ń bẹ fún òtútù. Àìrí-ẹni-kí ni. Ní Ọ̀fà, láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí mo ti máa ń wọ kẹ̀kẹ́, màá kí èèyàn títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu mi: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìmúra ọjà, ẹ kú ilé, àwọn ọmọ ńkọ́? Níbí, mo kí aládùúgbò mi, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dé ibi kan tí mò ń kí ara mi nínú yàrá, tí mo sì ń dáhùn. Mo ra ànàmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, mo sè é, kò dùn tó ti Ọ̀fà. Mo jẹ ẹ́ náà. Ẹni tó ń jẹun tó ń ráhùn, kò mọ ẹni tí ebi ń pa.

Ibi iṣẹ́ nìkan ni mo ti ń rí ẹni kí, ẹni tó sì ń dá mi lóhùn jù níbẹ̀ ni Bàbá Wọ́tà.

Walter ni orúkọ wọn, àmọ́ ahọ́n tèmi kọ̀ ọ́, Wọ́tà ló ń jáde. Wọ́n ní orúkọ gan-an ni kí a máa pe àwọn arúgbó. Èmi, ọmọ Ọ̀fà, kí n lanu pe ẹni tó ju bàbá mi lọ ní orúkọ gbáà? Mi ò lè ṣe é, Daddy ni mò ń pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní "ẹ," àmọ́ níbi tí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, màá bu ọ̀wọ̀ wọn fún wọn. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe. Àwọn ni wọ́n máa ń dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n á fọn fèrè, tí wọ́n á sì ju àsíá aláwọ̀ ewé sókè kí awakọ̀ tó gbéra. Ọmọ Ọ̀fà mà ni mí! Ìtòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni mo ti kọ́ ìrìn. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo mọ àsíá yẹn dáadáa, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo eré Ọlọ́run: bàbá tó ń jẹ́ Wọ́tà ni kì í mu omi. Ìtọ̀ ni kì í fún wọn láyè. Bó bá ti ní òun ń bọ̀, ó ti dé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn, ẹsẹ̀ wọn ò yá mọ́. Wọ́n wá rò ó pé ẹni tí ò bá mu, kò ní tọ̀. Ara kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ wọn ki, ó pọ́n bíi tíì dúdú, ó wá ń gbọ̀n wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbẹ́ wọn náà sì le bí òkúta.

Pámpásì àgbà ni nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀rù láyé yìí. "Ọjọ́ tí ẹ bá de ìyẹn mọ́ mi nídìí," wọ́n sọ fún mi, "ẹ kúkú gbé pósí wá pẹ̀lú rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tó dà sí wọn lára. Sòkòtò, bàtà, ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ tutù. Ẹnu mi ti sáré ju ọgbọ́n mi lọ. "Sọ́rì, sà! Sọ́rì, Daddy, sọ́rì!"

Ojú wọn pọ́n. "Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Kí ló dé tí ò ń tọrọ àforíjì? Ìwọ lo tọ̀ ọ́ ni? Àbí ò ń káàánú mi?"

Ẹ gbà mí! Sọ́rì tòyìnbó, ti ẹlẹ́bi ni, tàbí ti ẹni tó ń wo ni láti òkè. Tiwa kì í ṣe ìkankan níbẹ̀. Bí èèyàn bá kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́. Bó bá sín, pẹ̀lẹ́. Bó bá ru ẹrù wúwo kọjá níwájú ilé wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ò ṣẹ̀ ẹ́, a ò fojú tín-ín-rín rẹ̀, a kàn ń jẹ́ kó mọ̀ pé a rí i, a sì wà níbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé èyí fún wọn, tí mò ń nu ẹsẹ̀ wọn.

Inú wọn rọ̀ díẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń pè é lédè tiyín?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Ẹpẹ̀lẹ́."

"Rárá o. Ẹ̀yin, pẹ̀lẹ́ lásán lẹ máa sọ fún mi. Èmi tí mo kéré ni mo ni 'ẹ' yẹn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú sòkòtò tútù wọn. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ibì kan ṣì wà tí àgbà ti wúlò."

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó ní pálọ̀ láàárín àwọn ìyá arúgbó, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mò ń pín tíì. Wọ́n wò mí. "Pẹ̀lẹ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Pẹ̀lẹ́!" Ojú wọn ti fẹ́ yọ síta.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Níwájú àwọn obìnrin yẹn, bàbá ò lè la ẹnu sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Bíi ti bàbá mi gẹ́lẹ́, wọ́n fẹ́ nasẹ̀! Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Mo gbé tíì sílẹ̀, mo gbé irin wọn sí wọn lọ́wọ́, a forí lé e. A bá a. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè bíi pé àsíá wà níbẹ̀, wọ́n ní, "Ọkọ̀ lè máa lọ!"

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, màá mú wọn lọ jókòó, màá fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, màá ti ilẹ̀kùn, màá dúró síta. Bí ìtọ̀ bá ń lọ́ra, màá tú ẹ̀rọ omi sílẹ̀ díẹ̀ kí ìró rẹ̀ lè pè é. Èyí tó bá yọjú láàárín oúnjẹ méjì, pẹ̀lẹ́ ni wọ́n á sọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé à ń tètè débẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ìtọ̀ wọn mọ́, ara wọn gbẹ, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ Mọ́ríìn.

Mo sọ ọ́ fún Mummy lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ọmọ yìí! Òyìnbó ń dé ẹ̀yìn lédè Yorùbá!"

Mò ń wò wọ́n lójú fóònù. Àga oníke ni wọ́n jókòó lé, wọ́n ká ìró sábẹ́ ìdí, wọn kì í sì í jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹ mu omi, Mummy, ikọ́ yẹn."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Ẹgbẹ́ Ìyá ńkọ́? Ṣé ẹ lọ?"

"Orúnkún yìí ni ò jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò."

Mo gbàdúrà fún orúnkún, mo sì pa fóònù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe ilé-ìwé, tó ń gbé ìlú mìíràn. Mo sùn, mo jẹ, mo fi Yorùbá pariwo. Nígbà tí mo padà síṣẹ́, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa kó wa jọ láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó ń sọ bí arúgbó kọ̀ọ̀kan ṣe wà. Ó dé orí Bàbá Wọ́tà, ó mí kanlẹ̀.

"Ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ," ó ní. "Láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò nítumọ̀, ó ń fa aṣọ wa, ó sì ń tọ̀ sára. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí àrùn níbẹ̀. A ti wọ pámpásì fún un. Kó má baà ṣubú, kò ní máa rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Yàrá kan ṣófo lókè, lọ́jọ́ Fúráìdé a máa gbé e lọ síbẹ̀."

Òkè yẹn ni ọ̀dọ̀ àwọn tí iyè wọn ti ra. Ẹni tó bá gòkè, kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Ọ̀rọ̀ wo ló ń sọ?" mo bèèrè. 

"Péléè," Mọ́ríìn wí. "Péléè, péléè, láàárọ̀, lọ́sàn-án. A rò pé bẹ́lì ló ń pè, pé inú ń run ún. A fún un lóògùn inú rírun."

"Yéè! Mo gbé!" Bí mo ṣe ké nìyẹn, lédè Yorùbá, níwájú gbogbo wọn. "Iyè wọn ò ra! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè!"

Mo ṣàlàyé. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ń wò mí. "Ẹ̀yin méjèèjì ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, o ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

 Nílé tiwa, ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà, ńṣe ló ń bò ó. A kì í gbé e lọ sípàdé. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan tó yẹ ká sọ ni. Mo bo bàbá yẹn láṣìírí títí àṣírí fi fẹ́ bo àwọn fúnra wọn mọ́lẹ̀.

Mo lọ bá wọn ní yàrá. Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Bí wọ́n ṣe mira báyìí, mo gbọ́ ìró pámpásì lábẹ́ sòkòtò wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy."

Wọn ò wò mí. "Mo sọ ọ́," wọ́n ní. "Mo sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ rẹ ò ṣiṣẹ́."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sun ún níbẹ̀, mi ò fi pa mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́." Kì í ṣe ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tèmi ni.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá lè máa rìn lọ, kó sì gbẹ nígbà tó bá fi máa di Fúráìdé, a ò ní gbé e lọ sókè. Àmọ́ ìwọ nìkan ò lè máa wà níbí tọ̀sán-tòru. Kọ́ gbogbo wa."

Ni mo bá tún di tíṣà! Yàrá òṣìṣẹ́ di kíláàsì, àwòrán ìgbẹ́ sì wà lógiri lẹ́yìn mi. Ahọ́n òyìnbó àti ohùn Yorùbá, ìjà ni. Pélé ni wọ́n ń pè. Mo yọ fọ́tò Mummy jáde nínú fóònù, mo na ìka sí ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. "Èyí ni pélé! Ohun tí bàbá ń wí, pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sókè!" Mọ́ríìn ń nu ilẹ̀, ó ń wí i. Ẹni tó ń se oúnjẹ ń wí i sínú ìkòkò. Mo sì kọ́ wọn ní "ẹ" náà, mi ò dá a sí.

Ọ̀rọ̀ yé wọn tán, ó ku ẹsẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sójú kan láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi àti Mọ́ríìn la dì wọ́n mú, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì. Mo ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!" Mọ́ríìn ní kí ni mo wí. Mo ní kó má dá mi lóhùn, kó di bàbá mú. Ìtọ̀ já wa kulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ní kí a padà, kí a wọ nǹkan yẹn fún òun, ó ti tán. Mo ní, "Kò tíì tán, sà. Ọkọ̀ yìí pẹ́ ni, wọn ò fagi lé e." Wọ́n gbìyànjú kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

Ìgbẹ́ náà ti gan mọ́ wọn nínú, nítorí wọ́n ti tún kọ omi. A bẹ̀rẹ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a bẹ̀rẹ̀ èso tó ń tú inú. Lọ́sàn-án ọjọ́rú, wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ́. Èmi àti Mọ́ríìn dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń retí ìbí. Mò ń kọ orin ìyìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó pẹ́, ohùn wọn wá jáde, ohùn rélùwéè gan-an:

"Oríṣi kẹrin!"

Mọ́ríìn pariwo, ó gbá mi mọ́ra, ó fẹ́ fún mi pa. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní Ọ̀fà pé lọ́jọ́ kan màá fò sókè nítorí ìgbẹ́ olóyìnbó, màá ní kó lọ gba ìtọ́jú.

Nígbà tó di Fúráìdé, mò ń ti ìyá kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ nígbà tí mo gbójú sókè. Lópin ọ̀nà yẹn, Bàbá Wọ́tà ló ń bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, irin wọn níwájú, Mọ́ríìn lẹ́yìn, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹlòmíì ni wọ́n sọ ọ́ fún, ẹni náà sì gbọ́. Wọ́n rí mi, wọ́n dúró, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì yọjú láti ọ́fíìsì, ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Sòkòtò rẹ̀ gbẹ." Ó padà wọlé. Ọ̀rọ̀ òkè parí síbẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilé yẹn. Èèyàn kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Tèmi, mo mọ̀ ọ́n. Mo forí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnu èèyàn bíi mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti inú kíṣìnì: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Mo di orí mi mú, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá ń kí ní pẹ̀lẹ́ níbì kan, ó ti di ará ibẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pe Mummy kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n wá wo orúnkún, pálọ̀ kún. Mummy gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdá sí i. Tí mo parí, wọ́n bojú wo àwọn ìyá tó yí wọn ká.

"Pẹ̀lẹ́ o," wọ́n ní.

"Ẹ ṣé, mà. Bí iṣẹ́ ṣe rí náà ni."

"Mo ní pẹ̀lẹ́."

"Ẹ ṣeun, Mummy. Ó ti tán, ọpẹ́ ni."

Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú. Mo rí pélé wọn, mo rí ojú wọn, mo sì mọ ojú yẹn. Ojú Bàbá Wọ́tà ni, láàárín àwọn ìyá, lọ́jọ́ tí mò ń pín tíì.

"Pẹ̀lẹ́ ti Wọ́tà," Mummy wí wúyẹ́wúyẹ́.

Àga oníke. Ìró tí wọ́n ká sábẹ́ ìdí. Omi tí wọn ò mu. Ṣọ́ọ̀ṣì orí rédíò. Orúnkún, orúnkún, orúnkún! Èmi tí mò ń ka ìtọ̀ àwọn ará ibí bí ẹni ń ka ìwé.

"Ó ti pẹ́, mà?"

"Láti Kérésì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mummy," mo ní. "Mo ti gbọ́."

"Ẹ bá wa kí i o!" ni àwọn ìyá pariwo láti ẹ̀yìn. Wọn ò mọ nǹkan kan.

Mo ní kí Mummy gbé fóònù fún Bọ́lá, àbúrò mi obìnrin tó ń bá wọn gbé, kó sì bọ́ síta. Mo kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Mọ́ríìn ṣe kọ́ mi. Kó mú Mummy lọ sọ́sibítù kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ṣúgà wọn wò. Kó má jẹ́ kí wọ́n fi omi du ara wọn. Kí póò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ bi wọ́n ní nǹkan kan níwájú àlejò. Bí Mummy bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kó kàn dìde.

"Ọ̀rọ̀ wo?" Bọ́lá bèèrè.

Mo sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, Mummy ló pè mí fúnra wọn. Gèlè ṣì wà lórí wọn.

"Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí," wọ́n ní. "Mo sì sọ ọ́."

"Háà! Ìgbà wo, mà?"

"Àárín ìwàásù gan-an. Bọ́lá dìde kíá."

"Ẹ sì bá a?"

"Mo bá a wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá tó jókòó tì mí, tó já bọ́ lórí ọ̀kadà níjelòó, òun rò pé òun ni mò ń kí. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, 'Ẹ ṣé o, Mummy, ẹsẹ̀ náà ti ń san.'"

A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, títí ikọ́ fi tún gbé Mummy. Mi ò tíì ní kí wọ́n mu omi. Mo gbọ́ tí wọ́n ké pe Bọ́lá pé kó bu omi wá fún àwọn, kó bù ú kún kọ́ọ̀pù.